Láti Òkè Padre dé Ọjà'ba: Fífi Ẹsẹ̀ Wo Ìbàdàn Àtijọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ìbàdàn, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Mápó. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mú àlejò lọ. Wọ́n á já a sílẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn, á ya fọ́tò méjì mẹ́ta, wọ́n á sì gbé e padà sí hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní Bódìjà tàbí Jẹ́ríkò. Àlejò bẹ́ẹ̀ rí òpó, kò rí ìlú. Òkè Padre ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá sí Bẹẹrẹ, kí ẹ gun Mápó lẹ́yìn náà, kí ẹ sì parí rẹ̀ sí Ọjà'ba. Ìrìn náà kò jìnnà rárá fún ẹni tí kò bá dúró níbì kankan. Àmọ́ torí dídúró la ṣe ń lọ, nítorí náà ẹ ya odindi òwúrọ̀ kan sọ́tọ̀ fún un.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe tẹ ìlú náà dó. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti àwọn Ẹ̀gbá kan pàgọ́ síbí lásìkò tí ogun ti tú ọ̀pọ̀ ìlú ká. Kò sí ọba aládé láàárín wọn. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ ká, ó kó ìyàwó, ọmọ, ìbátan, ẹrú àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ sórí rẹ̀, ibẹ̀ sì di agboolé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ààfin ló wà láàárín, gbogbo ọ̀nà sì forí lé e. Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé jagunjagun kan ni wọ́n kọ́ àdúgbò yìí yí ká, ilé jagunjagun mìíràn ni wọ́n kọ́ èyí tó tẹ̀ lé e yí ká, ọ̀nà tóóró sì ń gba àárín wọn kọjá bó ti rí àyè. Ẹni tó bá ń wá ibi ìran wíwò nìkan á rìn kọjá lára ìtàn láìmọ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó wà lẹ́nu yín ní gbogbo ọ̀nà ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ilé ta nìyí?"

Dídé ibẹ̀

Ní Mọ́kọ́lá, ẹ wọ ọkọ̀ Mícrà tó ń ké "Bẹẹrẹ! Bẹẹrẹ!". Kí ẹ tó jókòó, ẹ sọ fún awakọ̀ pé Òkè Padre lẹ ti máa sọ̀, kí ẹ sì mú owó kéékèèké dání, torí ọ̀rọ̀ ṣéńjì ló ń dá ariwo sílẹ̀ jù nínú ọkọ̀ láàárọ̀. Bí ẹ bá ti sún mọ́ ibẹ̀, ẹ pariwo pé "Ó wà o!", awakọ̀ á dúró. Ọ̀kadà náà ń lọ, wọ́n sì ń gun òkè dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má gun ọ̀kadà bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, torí ọ̀nà ibẹ̀ máa ń yọ̀.

Aago méje àárọ̀ ló dára jù láti débẹ̀. Bí ó bá ti di aago mọ́kànlá, oòrùn á ti mú, páànù orí ilé á sì máa tan ìmọ́lẹ̀ sójú yín. Ní ti oṣù, mo fara mọ́ oṣù kẹwàá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ju gbogbo ìyókù lọ. Òjò ti ń dín kù nígbà yẹn, ó ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ẹ ó sì rí òkè tó wà lọ́nà jíjìn kedere. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku á bo gbogbo rẹ̀, ẹ ó gun òkè lásán. Bàtà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ ra omi inú ọ̀rá kí ẹ tó gbéra. Oní-POS pọ̀ ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, nítorí náà kò sí ìdí láti kó owó púpọ̀ sápò.

Lórí òkè àwọn Fádà

Àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà ló fún òkè yìí lórúkọ. Ẹgbẹ́ àwọn òjíṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1856 ló rán wọn wá, ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì ń parí lọ ni wọ́n dé Ìbàdàn. Kàtídírà Màríà Mímọ́ tó wà níbẹ̀ lónìí ni ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù àgbà: Ìbàdàn di dáyósíìsì lọ́dún 1958, ó sì di ti bíṣọ́ọ̀bù àgbà lọ́dún 1994. Bí ẹ bá dé ní ọjọ́ tí kò sí ìsìn, ẹ kí ẹni tó bá wà lẹ́nu géètì, ẹ ní ẹ wá wo ilé Ọlọ́run, wọn kì í dí ènìyàn lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ jókòó ti ìsìn Yorùbá. Ẹ ó gbọ́ ìlù àti orin tí àwọn àlùfáà àkọ́kọ́ kò lè ronú kàn pé wọ́n á máa lù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, torí èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣe Máàsì nígbà tiwọn. Ẹ má ya fọ́tò nígbà tí wọ́n bá ń gba ara Olúwa.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ilé kò ti dí yín lójú, kí ẹ wo ìlú. Ẹ ó rí páànù, páànù, páànù, tó ti dógùn-ún di àwọ̀ ilẹ̀ pupa, òrùlé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí òmíràn. Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Láàárín àwọn tó ti dógùn-ún, ẹ ó rí àwọn tuntun aláwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé. Níbi tí wọ́n bá wà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ agboolé kan tó wà ní Èkó tàbí òkè òkun ti tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe. Níbi tí páànù ti ya, tí koríko sì ti hù lára ògiri, ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ṣì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ogún lọ́wọ́. Ohun tí ẹ ń wò láti òkè yìí kì í ṣe àìní nìkan, bí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ya fọ́tò rẹ̀ ṣe máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí nígbà gbogbo tí mo bá kà á bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní owó láti kúrò níbẹ̀ wà nínú agboolé wọ̀nyẹn tí wọn kò kúrò, torí ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá wọn sí.

Níhà ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí àfonífojì Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò yẹn kún, ó ya wọ ilé, ó gbé ènìyàn àti ọkọ̀ lọ. Omíyalé ni àwọn ará ìlú ń pè é títí dòní, àwọn àgbà kan sì ṣì máa ń fi ka ọjọ́ orí ọmọ wọn. Bí òjò bá ń ṣú nígbà tí ẹ wà lórí òkè, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà ibẹ̀. Ẹ dúró kó rọ̀ tán.

Ìdíkàn àti Ayéyé

Láti Òkè Padre, ẹ béèrè ọ̀nà Ìdíkàn. Àdúgbò Sánúsí Adébísí nìyẹn, gbajúmọ̀ oníṣòwò tó kú lọ́dún 1938, tí orúkọ rẹ̀ kì í yà kúrò lára ti àdúgbò: Adébísí Ìdíkàn. Ìgbà tí kòkó àti ọkọ̀ ojú irin sọ àwọn oníṣòwò Ìbàdàn di olówó ńlá ni irú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràbarà, irú èyí tí àwọn tó ti Bràsíìlì padà wá sí Èkó mọ̀ ọ́n kọ́. Ẹ máa wo òkè fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà bí ẹ ṣe ń lọ. Àwọn bíríkìlà ìgbà náà máa ń fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó, ẹyẹ àti ìràwọ̀ sí i, wọ́n sì máa ń kọ ọdún tí wọ́n parí ilé síbẹ̀. Ojú títì kan ṣoṣo lè sọ ìtàn àádọ́ta ọdún fún yín bí ẹ bá ń ka ọdún wọ̀nyẹn.

Ayéyé kò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni agboolé Balógun Ìbíkúnlé wà. Ìbíkúnlé, tó kú lọ́dún 1864, ló ṣáájú ogun Ìbàdàn nígbà tí agbára ìlú náà ń gòkè. Òun náà ló mú kí wọ́n mọ odi tó yí ìlú ká lọ́dún 1858, èyí tí wọ́n ń pè ní Odi Ìbíkúnlé. Odi náà ti wó tán níbi púpọ̀, ilé ti gorí rẹ̀. Agboolé náà kò wó.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ ti kọ́ bí a ṣe ń wọ agboolé, torí ohun kan náà lẹ máa ṣe títí dé Ọjà'ba. Ẹ má ṣe dúró lójú títì kí ẹ máa na fóònù sókè. Ẹ wọ ojúde, ẹ wo ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀, ẹ lọ bá a. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹ̀ ba, obìnrin á kúnlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù, ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n á ní ó ti tó. Ẹ ní, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá. Àlejò ni wá, a wá kí ilé." Ẹ má tíì sọ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ jẹ́ kí bàbá béèrè ilé bàbá tiyín ná. Bí ẹ bá ti dáhùn, ìbáà jẹ́ Ìjẹ̀bú lẹ ti wá tàbí Ondó tàbí London, wọ́n á wá ibi tí tiyín àti tiwọn ti pàdé nínú ogun kan, ọjà kan tàbí ìgbéyàwó kan. Ìgbà yẹn lẹ tó lè béèrè ìtàn ilé.

Bàbá á sọ orúkọ àwọn tó ti jẹ mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé, á sọ oyè tí wọ́n jẹ, á tọ́ka sí ibi tí wọ́n sin ẹni tó tẹ ilé náà dó sí. Ẹ fetí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ oríkì ilé náà, àwọn ìyàwó ilé ni kí ẹ bẹ̀, pàápàá àwọn tó ti darúgbó sínú ilé ọkọ. Wọn kò bí wọn síbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ló mọ̀ ọ́n jù, torí oríkì yẹn ni wọ́n fi ń jí ọkọ àti ọmọ ọkọ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn wọlé. Mo ti rí i níbi tí bàbá ti ń ka ìtàn fún àlejò, tí ìyá kan tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà sì kàn bọ́ sí i, tó ń ki ilé náà lọ láìgbójú sókè kúrò lára àtẹ. Gbogbo ojúde pa rọ́rọ́. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má gbá ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ sì fún ìyá lówó kí ẹ tó lọ.

Ibojì á wà níwájú ilé tàbí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà mìíràn nínú pálọ̀ gan-an. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹ má jókòó lé e, bí ẹ tilẹ̀ rí ọmọ ilé tó jókòó síbẹ̀. Bàbá tirẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Òkè Ààrẹ

Láti Ayéyé ẹ ó gòkè lọ sí Òkè Ààrẹ. Ààrẹ Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó kú sí ojú ogun Kírìjì lọ́dún 1885, ni òkè náà ń jẹ́ orúkọ oyè rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá lórí Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà mọ ọkùnrin náà: ìjà òun àti Ìyálóde ló wà ní àárín gbùngbùn eré yẹn. Ó dára kí àwọn tó mọ̀ ọ́n láti inú eré nìkan dúró sórí òkè rẹ̀, kí wọ́n sì rí bí ó ti ga tó lórí ìlú.

Ilé gogoro tó wà níbẹ̀, ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, òyìnbó àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe alákòóso ní Ìbàdàn láti 1893 sí 1897. Òun náà ló yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1895. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé atọ́nà, ṣùgbọ́n ará àdúgbò kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ilé Àwòṣífìlà ni wọ́n ń pè é, tàbí Láyípo, torí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po lọ sókè. Inú mi dùn sí i pé ìlú kò gba orúkọ ọkùnrin yẹn mọ́ra. Bí ẹ bá béèrè Bower's Tower lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, ó lè wò yín lójú lásán. Ẹ béèrè Láyípo, á nàka síbẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ọ rí pé, "Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo."

Àtẹ̀gùn náà há. Ènìyàn méjì kò lè pàdé níbẹ̀ dáadáa, nítorí náà ẹ ké sókè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, kí àwọn tó wà lókè sì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́, kó dúró sísàlẹ̀. Láti orí rẹ̀, ẹ ó rí Òkè Padre tí ẹ ti ń bọ̀ lẹ́yìn yín, àti Mápó tí ẹ ń lọ níwájú.

Bẹẹrẹ, ibi oúnjẹ

Láti Òkè Ààrẹ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, oríta tí gbogbo ọkọ̀ ti ń pàdé, ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ di fóònù yín mú, ẹ fi báàgì sí iwájú, ẹ má sì sọdá láìwo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí ọ̀kadà lè yọ láti ibi tí ẹ kò fojú sí. Kò sí ohun mìíràn tó ṣòro níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Ebi á ti máa pa yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ro àmàlà tí èrò ti pọ̀. Ibi tí àmàlà bá ti ń tán kíákíá ni ti ibẹ̀ ti ń gbóná. Ẹ wo ìyá tó ń bù ú: á ki igbá kékeré bọ omi, á fi bu àmàlà, á yí i lẹ́ẹ̀kan nínú igbá, ó ti dán, á wá já a sínú abọ́. Àmàlà iṣu tó dára máa ń dúdú, ó máa ń rọ̀, kì í ní kókó. Àbùlà ni kí ẹ béèrè: gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata papọ̀ nínú abọ́ kan. Gbẹ̀gìrì ni ẹ fi ń mọ ọwọ́ olóúnjẹ. Ẹ̀wà tí wọ́n bó eèpo rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n sì sẹ́, á kúnná, kò ní dà bí iyanrìn lẹ́nu. Ní ti ẹran, ẹ lè mú ògúnfe, ṣàkì, àbọ́dí, fùkù tàbí pọ̀nmọ́. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, kó nàka. Ọwọ́ ni ẹ fi ń jẹ ẹ́. Wọ́n á fún yín ní ṣíbí bí ẹ bá béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má béèrè.

Mápó

Nísinsìnyí ẹ lè gun Mápó, ẹ ó sì mọ ohun tí ẹ ń wò. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Robert Jones, ẹ̀njíníà tí wọ́n ń pè ní Taffy, ló kọ́ ọ, òkúta àti òpó rẹ̀ sì dàbí ti àwọn ilé ńlá ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kó jẹ́ àmì agbára tiwọn. Ìlú gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni olóṣèlú Adégòkè Adélabú ti sọ̀rọ̀ tí èrò fi ń hó, kó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1958. Ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fi Olúbàdàn jẹ: Ọba Rashidi Ládọjà gba adé níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025.

Àwọn aláró pàápàá gba Mápó mọ́ òyìnbó lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Nínú igun mẹ́rin kan lára rẹ̀, ẹ ó rí òpó Mápó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ṣíbí sì wà láàárín òpó kan àti èkejì. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin náà fi ń fi ẹ̀kọ ya á sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í bọ aró ẹ̀lú. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró kò ní mú. Ẹ mú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dání bí ẹ bá ní in, kí ẹ dúró níwájú gbọ̀ngàn, kí ẹ ka òpó ara ilé àti òpó ara aṣọ wò.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ inú gbọ̀ngàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùṣọ́. Ọjọ́ Sátidé ni òde àríyá máa ń wà níbẹ̀ jù, ẹ kò ní lè wọlé wò ó dáadáa, àmọ́ bí ẹ bá wọ aṣọ tó dára, wọ́n lè fún yín ní ìrẹsì. Ọjọ́ iṣẹ́ ló dára fún ìwòran.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí oyè ṣe ń lọ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí ìwé àwọn àlejò sábà máa ń fò ó. Kò sí ìdílé ọba kan ní Ìbàdàn. Ìlà méjì ni oyè ń gbà gòkè, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, ìlà méjèèjì sì ń fi Olúbàdàn jẹ ní ìyípo. Ẹni tó bá jẹ mọ́gàjí ilé rẹ̀ lè wọ ìlà náà, á sì máa gùn ún ní ìpele kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí Olúbàdàn fi máa ń jẹ́ àgbà nígbà tó bá dórí oyè. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọdún 1936, nígbà ayé Abass Alẹ́ṣinlóyè, ni wọ́n sọ oyè náà di Olúbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jọba nínú ilé bàbá tiwọn. Torí náà, agboolé tí ẹ kí lówùúrọ̀ lè di ibi tí ọba ń gbé lọ́la.

Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnká

Láti Mápó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba. Ọjà Ìbà ni, ti Olúyọ̀lé, tó jẹ oyè Ìbà kó tó di Baṣọ̀run, tó sì kú lọ́dún 1847. Àárín ìlú àkọ́kọ́ nìyí. Ilé Labọ́sìndé wà níbẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ ni Labọ́sìndé, Bàbá Ìsàlẹ̀ àwọn ọmọ ogun àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni Olúbàdàn tuntun ti ń ṣe ètùtù kó tó gba adé ní Mápó. Àlejò kò ní wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe èyí. Ẹ kí ojúde, ẹ kọjá.

Mọ́ṣáláṣí gbogbogbò ìlú wà ní Ọjà'ba náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán, àwọn olùjọsìn á kún títì, ọkọ̀ kò ní lè kọjá. Ẹ ṣètò ọjọ́ yín láti yẹra fún un, àfi bí ẹ bá fẹ́ kírun. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní ọjọ́ mìíràn, kó béèrè, kó bọ́ bàtà, kí obìnrin sì bo orí.

Nínú ọjà, ẹ máa kí àwọn tó ń tà: "Ẹ kú ọjà o, ẹ ẹ́ tà á o." Ẹ pe àgbà obìnrin ní ìyá tàbí alhájà, ẹ pe àwọn tó kéré sí wọn ní àǹtí. Èlùbọ́, igbá, ọṣẹ dúdú, ata àti aṣọ, gbogbo rẹ̀ lẹ ó rí. Ẹ ná an, ẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni bí ẹ bá ná an pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní ìsọ̀ àwọn elékulẹ́ja, níbi tí egbòogi, orí ẹranko àti èso gbígbẹ wà, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ má sì ya fọ́tò kí ẹ tó gbàṣẹ. Bí ẹ bá fọ̀wọ̀ béèrè ohun tí ewé kan wà fún, wọ́n á sọ fún yín, wọ́n á sì máa retí kí ẹ ra nǹkan kékeré.

Bẹ́yẹrúnká ni kí ẹ rìn kọjá lọ bí ẹ ti ń jáde, kí ẹ kàn wo bí ìgbésí ayé ṣe ń lọ níbẹ̀: ọmọ iléèwé, aránṣọ, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, àwọn àgbà ọkùnrin nídìí ayò. Ọjà aṣọ òkè ní Ọjẹ́, tó jẹ́ ìtàdógún, yẹ kí ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ahunṣọ èyíkéyìí ọjọ́ tó bọ́ sí, kí ẹ sì débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Àwọn ọjọ́ tó yàtọ̀

Ọdún Òkèbàdàn máa ń wáyé ní ìhà oṣù kẹta. Wọn kì í dáná ní ọjọ́ náà, Abọkẹ́, àwòrò òkè náà, á ṣe ẹbọ òkè, àwọn ọmọ ìlú á sì máa bú ara wọn àti ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọn kò ní sọ lọ́jọ́ mìíràn. Bí wọ́n bá bú yín, ẹ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti kà yín mọ́ ìlú nìyẹn.

Ti egúngún Olóòlù kò ní àwàdà. Obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Nígbà ọdún egúngún, kí obìnrin tó fẹ́ rìn ní ìlú àtijọ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílé ibi tí Olóòlù ń gbà lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń bọ̀, ẹ wọ ilé tó sún mọ́ yín jù, ẹ ti ìlẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni á gbà yín sílé.

Bí àìsàn bá ṣe yín lójijì, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtu, UCH náà kò sì jìnnà.

Ohun tó yẹ kí ẹ kà

Ìwé atọ́nà Bradt lórí Nàìjíríà, tí Lizzie Williams kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lọ́dún 2005, wúlò fún ètò ìrìnàjò. Fún ìlú fúnra rẹ̀, ẹ wá Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí I. B. Akínyẹlé kọ lédè Yorùbá lọ́dún 1911. Òun fúnra rẹ̀ di Olúbàdàn lọ́dún 1955. Ó to àwọn ilé àti àwọn tó ni wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó sì yẹ kí ọmọ Yorùbá tó bá ń bọ̀ wá kà á ṣáájú ìwé mìíràn. Ìwé Samuel Johnson lórí ìtàn Yorùbá, tó jáde lọ́dún 1921, náà dára. Ó ṣe olùkọ́ ní Àrẹmọ, ó sì mọ púpọ̀ nínú àwọn tó kọ nípa wọn.

Bí agbára bá ṣì kù ní ẹsẹ̀ yín, ẹ wọ ọkọ̀ Mọlété ní Ọjà'ba, ẹ sọ̀ ní Kúdẹ́tì. Ibẹ̀ ni míṣọ́nárì David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, tẹ̀dó sí lọ́dún 1853, ṣọ́ọ̀ṣì Dáfídì Mímọ́ sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Mọlété máa ń wà títí di àṣálẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ wọ̀ ọ́ kó tó di aago mẹ́rin, torí lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ á ti kún inú rẹ̀.